Oògùn Kì í Wà Láìní Èèwọ̀: Ojúṣe Apòògùn àti Ojúṣe Ará Ìlú

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, òǹkàwé yóò lè ṣàlàyé ìdí tí lílo oògùn fúnra ẹni fi lè di ewu, yóò mọ àwọn ìbéèrè tí apòògùn tó mọṣẹ́ níláti bi í, yóò sì mọ ẹ̀tọ́ àti ojúṣe tirẹ̀ nígbà tó bá dúró níwájú ẹni tó ń ta oògùn.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni Yorùbá ti mọ̀ pé oògùn kì í wà láìní èèwọ̀. Ẹni tó bá lọ bá lékuléja lọ́jà láti ra èròjà àgbo kì í kàn sanwó kí ó gba ewé kí ó máa lọ. Lékuléja yóò béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún. Ṣé ọmọdé ni àbí àgbà? Ṣé aboyún ni? Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀? Oníṣègùn tó bá sì fún ni ní oògùn yóò sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ọn, ìgbà tí a ó lò ó, àti iye ọjọ́ tí a ó fi lò ó. Ẹni tí kò bá béèrè èèwọ̀ oògùn, tí ohun tó tìdí rẹ̀ yọ bá burú, àwọn ènìyàn kì í dá oògùn lẹ́bi.

Oògùn òyìnbó pẹ̀lú ní èèwọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú bébà pélébé kan tí wọ́n ká sínú páálí ni wọ́n kọ èèwọ̀ náà sí, ní lẹ́tà wíwẹ́wẹ́, ní èdè tí kò yé ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bébà náà kò sì mọ ẹni tó rà á. Kò mọ̀ bóyá ó lóyún, bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí bóyá ó ti lo oògùn mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí òfin fún ní àṣẹ láti so ohun tó wà nínú bébà náà pọ̀ mọ́ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni apòògùn. Èyí ni kókó ẹ̀kọ́ yìí: ìbéèrè tó wáyé kí oògùn tó kúrò lórí káńtà jẹ́ apá kan ìtọ́jú, bí oògùn fúnra rẹ̀ ti jẹ́.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń lo oògùn fúnra wọn

Lamingo wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Jọ́ọ̀sì, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ibẹ̀ ni Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí JUTH, fìdí kalẹ̀ sí. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn ni orí ń fọ́ tí yóò sì gba ibẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ ní ewébẹ̀ tó fẹ́ bomi rin. Ìyá ọlọ́jà mọ̀ pé bí òun bá lo ọjọ́ kan lórí ìlà, owó oúnjẹ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò. Nítorí náà, kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ, tàbí kí wọ́n wá inú àpótí fún oògùn tó ṣẹ́kù láti ìgbà àìsàn tó kọjá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọn lẹ́bi kíákíá. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá gbà pé ènìyàn lè fi oògùn tí a lè rà láìsí ìwé dókítà tọ́jú àìlera kékeré bí orí fífọ́, ọ̀fìnkìn tàbí inú kíkún, bí ó bá mọ ohun tó ń lò. Ewu ibẹ̀ ni kí ènìyàn rà láìbéèrè, kí ẹni tó ń tà á náà sì tà á láìbéèrè. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà.

Ohun tí Jọ́ọ̀sì ti fojú rí

Ìtàn méjì wà tó yẹ kí gbogbo olùgbé Jọ́ọ̀sì mọ̀, kí ó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1990, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sí JUTH, nígbà tí ilé ìwòsàn náà ṣì wà láàárín ìgboro. Ara gbígbóná ló kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ náà, àwọn òbí wọn sì fún wọn ní paracetamol olómi, gẹ́gẹ́ bí òbí èyíkéyìí yóò ti ṣe. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ń bì, wọn kò sì lè tọ̀ mọ́. Kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ 47 ló kú. A gbọ́ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Àyẹ̀wò fi hàn pé kẹ́míkà olóró kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ni wọ́n fi po oògùn náà, dípò èròjà tí ó yẹ kí wọ́n lò. Kẹ́míkà yìí dùn lẹ́nu, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì jọ ojúlówó èròjà náà lójú. Májèlé yìí kan náà ló pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà ní 1937, èyí tó mú kí wọ́n ṣe òfin oògùn tuntun níbẹ̀ ní 1938. Òun náà ló tún pa àwọn ọmọ ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009, nínú oògùn olómi tí wọ́n ń lò fún ọmọ tó ń hu eyín.

Kò sí ìyá tó lè fi ojú lásán rí májèlé nínú ìgò. Ẹ̀bi àwọn òbí wọ̀nyẹn kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Oògùn tó gba ọwọ́ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ kọjá ní orírun: apòògùn mọ ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìwé ọjà, ó mọ nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára páálí. Bí ìròyìn bá dé pé oògùn kan léwu, a lè kó o kúrò lórí àtẹ, a sì lè wá àwọn tó ti rà á kàn. Ẹni tó polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ta ni ìyá ọmọ yóò bi léèrè?

Ìtàn kejì jùyẹn lọ lọ́jọ́ orí. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé nọ́ọ̀sì kan, Laura Wine, láti ìlú Lassa wá sí ilé ìwòsàn àwọn ajíhìnrere ní Jọ́ọ̀sì. Ibà ń ṣe é. Ó kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó àrùn náà, òun náà sì kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Nípa ìwádìí yìí ni ayé fi mọ ibà Lassa. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dókítà Jeannette Troup, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Jọ́ọ̀sì yẹn kan náà, kú nípa àrùn yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibà Lassa jọ ibà ẹ̀fọn: ara gbígbóná, ara ríro, orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn yírùnyírùn, tó máa ń jà ní ìhà Àríwá nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ń ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀kan, tó tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tó tún fi oògùn apakòkòrò lé e lẹ́ẹ̀kẹta, lè lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ohun tí kì í ṣe àìsàn rẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni ìtọ́jú ìbá ti ṣiṣẹ́ jù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìbéèrè márùn-ún tí apòògùn níláti béèrè

1. *Ta ni yóò lo oògùn náà, ọmọ ọdún mélòó sì ni?* Oògùn olómi ti ìkókó, tí a ń fi ẹ̀kán wọ̀n, sábà máa ń lágbára ju ti ọmọ tó ti ń rìn lọ. Ìyá tó bá fi ṣíbí ẹ̀kọ wọ̀n ọ́n lè fún ọmọ ní ìlọ́po iye tó yẹ. Bákan náà, a kì í fún ọmọdé ní aspirin fún ara gbígbóná láìsí àṣẹ dókítà.

2. *Kí ni ó ń ṣe é, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó?* Ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta yàtọ̀ sí ikọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń fẹ́ àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

3. *Oògùn wo ló ti lò tàbí tó ń lò lọ́wọ́, títí kan àgbo?* Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lo ju mílígíráàmù 4,000 paracetamol lọ láàárín wákàtí 24. Èyí jẹ́ hóró mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500. Ṣùgbọ́n paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti oògùn ara ríro tí orúkọ wọn yàtọ̀. Ẹni tó bá lo mẹ́ta nínú wọn lọ́jọ́ kan lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ láìfura.

4. *Ṣé ó lóyún, tàbí ó ń fún ọmọ lọ́mú?* Tetracycline, tí àwọn kan kà sí oògùn inú rírun, a máa yí àwọ̀ eyín ọmọ inú oyún àti ti ọmọdé padà títí láé.

5. *Ṣé ó ní àìsàn mìíràn, tàbí oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀?* Ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn kíndìnrín àti ikọ́ fée ló sábà máa ń yí ìmọ̀ràn apòògùn padà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wo bí ìbéèrè wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́. Ká ní bàbá àgbẹ̀ kan wọ ilé apòògùn ní Lamingo.

“Ọmọ mi, bá mi mú diclofenac páálí kan.”

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ lò ó?”

“Èmi ni. Orúnkún yìí kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ lóko mọ́.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ó ti tó ìgbà wo? Oògùn mìíràn wo lẹ sì ń lò?”

“Ó ti lé lóṣù kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò, lisinopril. Àti ibuprofen tí àbúrò yín rà fún mi lánàá.”

“Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, Bàbá. Ọmọ ìyá ni diclofenac àti ibuprofen, a kì í lò wọ́n pọ̀. Àwọn méjèèjì a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru, wọ́n sì lè ba kíndìnrín ẹni tó ń lo lisinopril jẹ́. Ẹ má lo ibuprofen yẹn mọ́. Ẹ jókòó kí n wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru sí. Paracetamol ni n ó fún yín ná, n ó sì kọ̀wé tí ẹ ó mú lọ fún dókítà, nítorí orúnkún tó ti ń dunni fún oṣù kan kọjá ohun tí a lè máa fi oògùn bò mọ́lẹ̀.”

Ọjà tí apòògùn yìí tà kéré sí èyí tí bàbá fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà gbà, bàbá kò sì san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Oògùn apakòkòrò kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan

Nígbà ọyẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀fìnkìn àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn a máa pọ̀. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn oògùn apakòkòrò bí amoxicillin kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà ni wọ́n ń pa. Ẹni tó bá lò wọ́n fún ọ̀fìnkìn ti ná owó lásán, ó sì ti kọ́ àwọn bakitéríà inú ara rẹ̀ bí wọn yóò ti ṣe borí oògùn náà lọ́jọ́ iwájú.

Ìkìlọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí penicillin ní 1928, lo ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 láti kìlọ̀ fún aráyé pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò lè ra penicillin ní ilé ìtajà, tí aláìmọ̀kan yóò sì lo díẹ̀ nínú iye tó yẹ, tí kòkòrò yóò fi di èyí tí oògùn kò ràn. Ọjọ́ náà ti dé. Bí a bá lo hóró mẹ́rin nínú oògùn tó yẹ kí a lò fún ọjọ́ méje, àwọn kòkòrò tó yè a máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn a sì ran ará ilé àti aládùúgbò. Nítorí náà, lílo oògùn apakòkòrò bó ti wù wá kì í ṣe ọ̀ràn ara ẹni nìkan. Ọ̀ràn ìlú ni.

Ti ibà ẹ̀fọn náà nìyẹn. Láti ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò chloroquine, nítorí pé kòkòrò ibà ti borí chloroquine. Ọ̀kan nínú wọn ni artemether-lumefantrine. Ìgbà mẹ́fà ni a ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá. Ẹni tó dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ti fúyẹ́ ń ṣe àṣìṣe kan náà tí Fleming kìlọ̀ fún. Kí a tó lò ó rárá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá wà tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20.

Bí a ṣe lè dá apòògùn mọ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun lẹ́yìn káńtà ni apòògùn. Apòògùn lọ sí yunifásítì fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Jọ́ọ̀sì. Ó sì tún fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà kí wọ́n tó fún un ní àṣẹ. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ni PCN, òfin ọdún 2022 ló sì ń darí rẹ̀ báyìí. Ilé apòògùn níláti ní ìwé àṣẹ ọdún tó wà lóde, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí oníbàárà yóò ti rí i.

Kẹ́míìsì kékeré tó ní ìwé àṣẹ ní àyè tirẹ̀, pàápàá ní abúlé tí kò ní apòògùn. Ó lè ta oògùn tí kò gba ìwé dókítà. Òfin kò gbà á láyè láti ta oògùn tó gba ìwé dókítà tàbí láti gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ní ti títa oògùn nínú bọ́ọ̀sì, ní gáréèjì àti lórí àtẹ ọjà, òfin kọ̀ ọ́ pátápátá. Ohun tó burú jù nínú wọn ni oògùn àdàlù: hóró mẹ́rin, márùn-ún, aláwọ̀ oríṣiríṣi, nínú ọ̀rá kékeré, láìní orúkọ, láìní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹni tó gbé e mì kò mọ ohun tó gbé mì, dókítà tí yóò tọ́jú rẹ̀ pàápàá kò ní mọ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ 1990, ní 1993, ni ìjọba fi òfin dá NAFDAC sílẹ̀. Apòògùn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tó darí àjọ náà láti 2001 sí 2008, tó sì gbógun ti ayédèrú oògùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú ní 1988 lẹ́yìn tó lo ayédèrú ínsúlíìnì. Iṣẹ́ àjọ náà kò lè kẹ́sẹ járí bí aráàlú kò bá wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ ìbàjẹ́ ara páálí kí wọ́n tó sanwó.

Ẹ̀tọ́ àti ojúṣe

Ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti rí apòògùn bá sọ̀rọ̀, láti béèrè bí a ṣe ń lo oògùn ní èdè tó yé e, àti láti gba ọ̀rọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀. Ojúṣe rẹ̀ ni láti sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, láti lo oògùn rẹ̀ pé, kí ó má sì fi oògùn tirẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Apòògùn ní ojúṣe láti béèrè, láti ṣàlàyé, àti láti kọ̀. Bí ó bá kọ̀ láti ta tramadol fún ọ̀dọ́ tí kò mú ìwé dókítà wá, kò fi ìwà burúkú hù. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ hàn ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine àti kíkó o wọlé, nítorí bí ó ti ń ba ayé àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ojúṣe rẹ̀ ni láti dá aláìsàn kọjá sí ilé ìwòsàn láìtà á ní nǹkankan bí ó bá rí àmì wọ̀nyí: ara gbígbóná ìkókó tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta, gìrì, ọrùn líle pẹ̀lú ibà, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì tàbí ìgbẹ́, àyà dídùn, àìlètọ̀, tàbí ibà tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí a ti ń lo oògùn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà, apòògùn àti aláìsàn, kálukú ní ohun tó mọ̀ tí ẹnì kejì kò mọ̀. Aláìsàn ló mọ ohun tó ti gbé mì. Apòògùn ló mọ ohun tí yóò ṣe nínú ara. Bí àwọn méjèèjì kò bá sọ̀rọ̀, oògùn nìkan ni yóò dá sọ̀rọ̀, ohun tó bá sọ sì lè kọjá àtúnṣe.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé, nílé ẹ̀kọ́ àti ní ìpàdé àdúgbò

1. Oògùn mélòó ló wà nínú ilé yín lónìí? Èwo nínú wọn ni ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, èwo sì ni kò ní orúkọ lára mọ́?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín apòògùn, kẹ́míìsì àti ẹni tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀?
3. Ibo ni apòògùn tó ní ìwé àṣẹ tó sún mọ́ àdúgbò yín jù wà?
4. Bí ẹni tó ń ta oògùn kò bá bi yín ní ìbéèrè kankan, ìbéèrè wo ni ẹ̀yin yóò bi í?